Ilé Tí Dejid Kọ́ fún Irun Àgùntàn

Bí ẹ bá dé ìlú kékeré tó wà létí odò Tamir, tí ẹ béèrè Dejid, wọn á bi yín pé Dejid wo. Dejid olùkọ́ ni, àbí Dejid olórí kunkun? Olórí kunkun ni kí ẹ wí. Wọn á nawọ́ sí ilé bíríkì kan tó dá dúró lẹ́yìn ọjà, èéfín ń yọ lẹ́nu páìpù rẹ̀, àpò irun àgùntàn tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àlejò tó ń dúró de oúnjẹ.

Orí kunkun náà ló gbé e débẹ̀.

Darandaran ni wọ́n tẹ́lẹ̀, òun àti Galsan ọkọ rẹ̀, lórí pápá tó wà lókè odò. Ẹran wọn kò pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, kò sì kéré. Ìgbà òtútù kan wá dé tí yìnyín bo koríko, tó yọ́ díẹ̀, tó tún dì, tó le bí òkúta. Àgùntàn ń fi pátákò ha ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn. Koríko wà lábẹ́. Ẹnu ò tó o. Nígbà tí oòrùn padà mú, òkú ẹran ni tọkọtaya ń kó.

Galsan jókòó sínú àgọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Dejid tú àgọ́ palẹ̀ lé e lórí, ó dì í sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó ní àwọn ń lọ sílùú.

"Kí la fẹ́ lọ ṣe nílùú?" Galsan bi í.

"N ò tíì mọ̀."

"O ò mọ̀, o sì ti di ẹrù."

"Tí mo bá ní kí n kọ́kọ́ mọ̀, ibí la máa kú sí."

Ohun tó mọ̀ kò ju irun àgùntàn lọ. Irun ewúrẹ́ ni àwọn oníṣòwò ń wá kiri. Ti àgùntàn, ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n ń dà á sí, ajá ń sùn lórí rẹ̀. Dejid lé ajá, ó ṣa irun. Ó fọ̀ ọ́, ó tẹ́ ẹ nípele nípele, ó da omi gbígbóná olọ́ṣẹ sí i, ó ń ká a, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tú u, ó tún ń ká a, títí irun fi so mọ́ra tó le bí awọ. Ó fi í gé bàtà inú ilé. Ní ìlú tí ilẹ̀ ilé ti ń tutù ju ojú ìyá ọkọ lọ, ta ni kò fẹ́ bàtà?

Àwọn ti àkọ́kọ́ burú. Ọ̀kan máa ń tóbi ju èkejì lọ. Galsan wọ irú rẹ̀ yí ọjà po.

"Ìyàwó mi ló ṣe é," ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ òsì, èmi ló ni ín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti bàbá mi ni."

Ó ti tún ń sọ̀rọ̀. Bàtà burúkú ló la ẹnu rẹ̀.

Norjmaa ló kọ́kọ́ wá bá Dejid ṣiṣẹ́. Opó ni, àgọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn, Dejid fi ọdún mélòó kan jù ú lọ. Ó wo bàtà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín ya irun yìí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ ṣe ń fi koko sílẹ̀ nínú rẹ̀ yẹn, bàtà kò lè dọ́gba láéláé." Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà ni bàtà ti ń dọ́gba. Àwọn obìnrin mìíràn tẹ̀ lé e, àwọn tí òtútù ọdún kan náà kó ẹran wọn lọ.

Láyé ìgbà yẹn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń tú irun. Létí odò. Awọ màlúù kan nílẹ̀, òkìtì irun lórí rẹ̀, àwọn obìnrin yí i ká pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ dúró, kó wúre pé kí irun yín funfun bí yìnyín, kó le bí egungun. Wọn á bu wàrà kíkan fún un. Eruku ń bẹ nínú irun lóòótọ́, eruku pápá ọdún kan gbáko, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ sórí òkè. Kò sẹ́ni tó rántí pé eruku wà.

Lẹ́yìn náà ni ilé dé.

Ẹ kò lè bá Dejid sọ̀rọ̀ títí kó má dá ilé náà sọ. Bàtà ló kọ́ ọ. Damdin bíríkìlà ló to bíríkì, Dejid ló dúró lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọjú sí gúúsù, bíi ti àgọ́. Fèrèsé, gúúsù náà. Ìwọ̀ oòrùn kò gbọdọ̀ ní ojú, àríwá kò gbọdọ̀ ní ojú.

"Tí a bá la fèrèsé kékeré kan sí ẹ̀yìn ńkọ́?" Damdin wí. "Kí afẹ́fẹ́ lè máa ríbi gbà."

"Ẹ̀yìn wo?"

"Àríwá yìí."

"Ibi tí àgbà ń jókòó sí lò ń pè lẹ́yìn? Ibẹ̀ ni àwòrán bàbá mi máa wà. Ta ló ń la ihò sí ìpàkọ́ bàbá rẹ̀?"

Damdin gbé èjìká. "Ilé yín ni, ìyá."

Nígbà tó parí, Dejid fi irun títẹ̀ dí gbogbo ojú ihò, ẹsẹ̀ fèrèsé, abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó gbé ààrò irin sáàárín. Ilé náà gbóná débi pé àwọn obìnrin ń bọ́ aṣọ ìlékè sílẹ̀ nígbà tí odò dì ní ìta. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn láti máa sọ nìyẹn: òtútù kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé mi.

Ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ láti olú-ìlú gbọ́ nípa wọn. Wọ́n wá wò wọ́n, wọ́n bá wọn wá àwọn tó ń ra bàtà lókè òkun, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń ya irun: igi róbótó ńlá ńlá tí eyín irin bò, ó ń yí, irun ń wọlé ní wúruwùru, ó ń jáde bí ìkùukùu. Ohun tí àwọn obìnrin ń fi gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lù létí odò, ẹ̀rọ ń ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ kò wá mọ ìgbà mọ́. Òtútù, iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn, iṣẹ́. Ọmọ àwọn obìnrin náà ń lọ sílé ìwé pẹ̀lú bàtà gidi lẹ́sẹ̀, oúnjẹ kò sì wọ́n nílé ẹnikẹ́ni. Dejid máa ń wo gbogbo wọn lórí ìjókòó, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni pé òun ló bí wọn.

Norjmaa ló jókòó nídìí ẹ̀rọ. Ta ni ì bá tún jókòó síbẹ̀? Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ irun.

Ikọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní àkọ́kọ́, òwúrọ̀ nìkan ni. Dejid ní òtútù ni, ó se omi ọ̀rá ìrù àgùntàn fún un. Nígbà tó di ìgbà òtútù kejì, ikọ́ ti di ara ìró ilé náà, bí ìró ẹ̀rọ, bí ìró ààrò. Dejid ní tíì gbígbóná ni Norjmaa ń mu kíákíá jù. Norjmaa so aṣọ mọ́ imú. Aṣọ náà ń dúdú.

"Ẹ̀gbọ́n, eruku yìí ni," ó wí lọ́jọ́ kan.

"Eruku irun ló tọ́ wa dàgbà," Dejid dá a lóhùn. "Ṣé òun ló fẹ́ pa wá báyìí?"

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Oṣù Funfun, tí gbogbo ìlú ń tún ilé ṣe de ọdún tuntun. Bàtà tí wọ́n ń retí lókè òkun kò tíì pé. Norjmaa dá ẹ̀rọ dúró, ó jáde lọ mí sínú yìnyín. Ó padà wọlé. Kò pẹ́, ó tún jáde. Nígbà tó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, Dejid sọ ọ́ lójú gbogbo wọn:

"Ẹni tí iṣẹ́ bá sú, ikọ́ ló fi ń sinmi."

Abẹ́rẹ́ dúró.

Norjmaa gbọn irun kúrò láṣọ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "màá parí ti ọdún yìí fún yín. Lẹ́yìn ọdún, ẹ wá ẹlòmíràn sórí ìjókòó yìí."

Ó sì parí rẹ̀. Ó ya irun dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, ó nu eyín ẹ̀rọ, ó lọ.

Ọjọ́ kìíní Oṣù Funfun, ó wá kí Dejid. Àbúrò ló ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà, ìjà kì í dí i. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi gbé ìgúnpá Dejid ró láti ìsàlẹ̀, bí àbúrò ti í ṣe, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ṣé àlàáfíà lẹ bá ọdún wọlé?"

"Àlàáfíà ni. Ìwọ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó jẹ búùsì mẹ́ta, ẹran wẹ́wẹ́ inú ìyẹ̀fun tí Dejid fúnra rẹ̀ wé. Ó yìn ín. Ó mu wàrà. Kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́. Dejid ń retí rẹ̀ títí ó fi dìde. Ọ̀wọ̀ pé, kò yẹ̀ ní ibì kankan. Ìyẹn gan-an ló dun Dejid jù. Ì bá sàn kó bú òun.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ẹ̀rọ dúró bí ẹṣin tí olúwa rẹ̀ kú. Dejid wo ọ̀kan nínú àwọn obìnrin. Obìnrin náà wolẹ̀. Ó wo òmíràn. Ìyẹn ní apá ń dun òun. Ó yé Dejid. Láìsí irun yíyà, kò sí bàtà. Láìsí bàtà, ilé náà yóò di ilé òfìfo tó gbóná. Ó so aṣọ mọ́ imú, ó jókòó sórí ìjókòó Norjmaa.

Kò tíì jókòó síbẹ̀ rí. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, ìdí fèrèsé ni tirẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń rán. Ó ń ki irun sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń gbé e, ó rò pé kò le. Lẹ́yìn náà ni oòrùn ìgbà òtútù rọ̀ sílẹ̀, ó ti fèrèsé gúúsù wọlé gbọọrọ, ó mọ́lẹ̀ dé ara ògiri àríwá. Dejid rí eruku. Ó kún inú ilé láti ilẹ̀ dé àjà. Kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ó kàn dúró. Ó ń dúró de ẹni tí yóò mí i sínú.

Nígbà tí Galsan wá mú un lọ sílé, ó bá a níta tó di ògiri mú, tó ń wúkọ́.

"Ẹ ẹ̀n," Galsan wí. "Iṣẹ́ ti sú ìwọ náà?"

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà ilé kí Dejid tó ní, "Ta ló sọ ọ́ fún ẹ?"

"Ìlú yìí kéré, ìyá arúgbó."

Dejid ránṣẹ́ sí Damdin. Damdin wọlé, ó lu ògiri àríwá pẹ̀lú ìka. "Ibí náà ni mo wí nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n là á, kó kọjú sí ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ á gbá ilé yín mọ́ tónítóní."

Dejid wo àwòrán bàbá rẹ̀, ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ àríwá kí ẹran rẹ̀ lè jẹ. Ó wo àwọn obìnrin tó ń rán. Tí afẹ́fẹ́ yẹn bá wọlé níbẹ̀, ìka wọn á dì mọ́ abẹ́rẹ́.

"Rárá."

"Ẹ ò fẹ́ eruku, ẹ ò fẹ́ ihò. Kí lẹ wá fẹ́, ìyá?"

"Norjmaa ni mo fẹ́," Dejid wí.

Ó di tíì sínú àpò, ó lọ. Òun ẹ̀gbọ́n ló ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò. Àwọn tó rí i lọ́nà kí i tìyanu-tìyanu.

Norjmaa ń se ẹran nínú àgọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó fi í jókòó síbi àgbà, ó bu tíì oníyọ̀ fún un. Ikọ́ ṣì ń bẹ, ṣùgbọ́n ó ti jìnnà síra.

"Wọ́n ní o fẹ́ máa ta tíì fún àwọn awakọ̀ lójú títì," Dejid wí.

"Mò ń rò ó."

"O ò mọ tíì í pò. Iyọ̀ rẹ máa ń pọ̀ jù."

"Awakọ̀ ò ní mọ̀. Oorun ló máa wà lójú wọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì, láìwo ara wọn.

"Mo jókòó níbẹ̀," Dejid wí. "Lórí ìjókòó ẹ."

"Mo gbọ́."

"Mo rí i."

Norjmaa kò ràn án lọ́wọ́. Ó ṣí ìkòkò, ó ń ro ẹran. Ooru jáde nínú ìkòkò, ó ru sókè gbọọrọ, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, ó gba ojú àgọ́ tó wà lókè láàárín òrùlé, ó bọ́ sójú ọ̀run. Dejid ń wò ó. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti ń wò ó. Abẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ó gbé ife tíì sílẹ̀.

"Mo kọjú ilẹ̀kùn sí gúúsù," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo dí àríwá. Mo gbé ààrò sáàárín. Mo wá bo orí rẹ̀."

"Kí lẹ wí, ẹ̀gbọ́n?"

"Àgọ́ ni mo kọ́, Norjmaa. Mo fi bíríkì kọ́ àgọ́, mo sì gbàgbé ojú rẹ̀."

Norjmaa wo òkè, ó wo Dejid. "Àti láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́nì kan nínú wa tó rí i," ó wí. "Ilé bíríkì ń yà wá lẹ́nu jù."

Damdin gun òrùlé lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ayùn àti irin ìgépáànù. Ọjà tú wá wò ó. Òkè ẹ̀rọ ló gé, ó fi pákó ṣe ọ̀nà gíga tó ga ju páìpù ààrò lọ, ó fi páànù bò ó lẹ́nu, ó so okùn mọ́ ìbòrí náà kí wọ́n lè máa ṣí i, kí wọ́n máa pa á dé láti ìsàlẹ̀.

"Wọ́n ní wọ́n ń kọ́lé kí òjò má bàa pa wọ́n," ọkùnrin kan wí láti ìsàlẹ̀. "Dejid ló ń lu tirẹ̀ jò."

"Tìrẹ ò jò," Galsan dá a lóhùn, "ìyàwó ẹ sì ń sùn sílé ìyá rẹ̀."

Norjmaa wá. Kò bọ́ aṣọ ìlékè. Ó dúró sáàárín ilé, ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Ó mú ẹ̀kún ọwọ́ irun tó dọ̀tí jù, ó kì í sẹ́nu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Eruku sọ. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń wá ọ̀nà, ó rí ooru ààrò, ó tẹ̀ lé e, ó ń gòkè. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè rí ojú ẹni tó wà lódìkejì ilé.

Gbogbo wọn ń wo Norjmaa. Norjmaa ń wo Dejid. Ó hàn pé ihò òrùlé kọ́ ló kù.

Dejid kì í mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Galsan lè jẹ́rìí. Ó dìde nídìí fèrèsé, níbi tí gbogbo wọn ti lè gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn ti gbọ́ èkíní.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ṣáájú ọdún, irọ́ ni. Eruku ni. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé eruku ni. Ilé ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú."

Norjmaa mi orí pé òun gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì aṣọ ìlékè rẹ̀, ọ̀kan, òmíràn, ó sì dúró.

"Ohun kan kù, ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní dá jókòó síbẹ̀ mọ́. Ká máa gbà á láàárín ara wa. Ẹni tó bá ya irun lónìí, lọ́la á rán. Gbogbo wa."

"Ó dáa."

"Gbogbo wa, mo wí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbi ìránṣọ. Dejid wo ìjókòó rẹ̀ nídìí fèrèsé, tìmùtìmù tó fi irun dídára jù rán fún ara rẹ̀, oòrùn lórí rẹ̀. Ó wo Norjmaa.

"Èmi náà?"

"Ẹ ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ ò ṣá ní fẹ́ kó sọnù."

Bẹ́ẹ̀ ni Norjmaa ṣe jókòó sórí tìmùtìmù nídìí fèrèsé lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ nínú oòrùn. Dejid so aṣọ mọ́ imú, ó fa okùn, ìbòrí òrùlé ṣí, ojú ọ̀run búlúù hàn. Ẹ̀rọ yí. Irun wọlé, ìkùukùu jáde. Ó ká èyí tó kọ́kọ́ yà, ó gbé e lọ bá Norjmaa pẹ̀lú ojú ẹni tó ń retí ìyìn.

Norjmaa fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó yọ koko kan, ó tún yọ òmíràn, ó tò wọ́n sórí orúnkún rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

"Ẹ tún un yà," ó wí.

Dejid gba irun náà, ó ń kùn lábẹ́ aṣọ imú, ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó tún un yà.